Mọ́ọ̀dù POP mi ń bó, ó ń lẹ̀: POP wo ni kí n rà, báwo ni kí n sì ṣe máa pò ó?

Amọ̀Agbowó

Ẹ kú iṣẹ́ o, gbogbo ẹ̀yin àgbà inú ẹgbẹ́ yìí. Agbowó níbí ni mo ti ń fi amọ̀ ṣe kọ́ọ̀pù àti abọ́. Ọwọ́ ni mo fi ń mọ wọ́n tẹ́lẹ̀, àmọ́ oníbàárà kan fẹ́ ogójì kọ́ọ̀pù tó jọra wọn bí ìbejì, ni mo bá ní kí n ṣe mọ́ọ̀dù, kí n máa da omi amọ̀ sínú rẹ̀. Mo ra àpò POP (plaster of Paris, lẹ́búlẹ́bú funfun tó ń le bí òkúta tí omi bá kàn án) kan lọ́wọ́ àwọn tó ń tà á fún oní-sílíìnì. Mo bu POP sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, mo ń da omi sí i díẹ̀díẹ̀ títí ó fi rí bí ẹ̀kọ mímu, mo rò ó kíkankíkan, mo sì dà á bo kọ́ọ̀pù tí mo ti fi òróró ẹ̀pà pa lára.

Apá kan mọ́ọ̀dù náà le, apá kejì ń ṣí bí ẹfun tí mo bá fi èékánná ha á. Kókó wà nínú rẹ̀, ihò wẹ́wẹ́ sì kún ojú rẹ̀ bí inú àkàrà. Mo gbé e síwájú sítóòfù kó lè tètè gbẹ, ara rẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í bó bí ìyẹ̀fun. Kọ́ọ̀pù mẹ́ta péré ni mo rí dà, méjì lẹ̀ mọ́ inú rẹ̀ pinpin. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé POP ni kò dáa ni àbí ọwọ́ mi? Wọ́n sọ fún mi pé èyí tí àwọn oníṣègùn eyín ń lò ló dáa jù, pé kí n lọ wá a rà.

Baba_Ère

Ọmọ mi, pẹ̀lẹ́. Má tíì dá POP lẹ́bi. Kí a tó dé orí èwo ni o máa rà, kọ́kọ́ sọ ohun tí o fẹ́ kí mọ́ọ̀dù náà ṣe fún ọ. Mọ́ọ̀dù kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kó máa mu omi. Òmíràn wà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kó le, kí etí rẹ̀ má ká, kó má fi bẹ́ẹ̀ wú nígbà tó bá ń dì. POP kan ṣoṣo kì í ṣe méjèèjì dáadáa, mo ti fi owó ara mi kọ́ ìyẹn.

Òkúta kan náà ni gbogbo wọn ti wá, ìyẹn gypsum. Wọ́n ń wa á nílẹ̀ wa níbí náà, ní Nafada ní ìpínlẹ̀ Gombe àti ní Fika ní Yobe. Omi wà nínú òkúta yẹn, omi tó ti so mọ́ ọn tí ojú kò lè rí. Tí wọ́n bá lọ̀ ọ́, tí wọ́n sì yan án nínú ooru bíi 150°C, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin omi yẹn á bá ooru lọ, á wá ku lẹ́búlẹ́bú funfun. Ọjọ́ tí o bá da omi pọ̀ mọ́ ọn, á gba omi rẹ̀ padà, á tún di òkúta. Ohun tó ń jẹ́ kó gbóná lọ́wọ́ rẹ nígbà tó bá ń dì nìyẹn. Paris tó wà nínú orúkọ rẹ̀, òkè Montmartre ní ìlú Paris ló fà á, ibẹ̀ ni wọ́n ti wa òkúta yìí fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún.

Bí wọ́n ṣe yan án ló yà wọ́n sọ́tọ̀. Èyí tí wọ́n yan nínú agbada tó ṣí sílẹ̀, hóró rẹ̀ máa ń rí gbágungbàgun, ó sì ń mu omi púpọ̀ kó tó ṣeé dà. Beta ni wọ́n ń pe ìyẹn. Èyí tí wọ́n dé mọ́ inú ìkòkò, tí ooru omi sì ń tì í lọ́tùn-ún lósì bí ẹran inú ìkòkò pẹ̀rẹ́ṣà, hóró rẹ̀ máa ń dì ṣinṣin, omi díẹ̀ ló ń fẹ́. Alpha nìyẹn. Omi tó bá ṣẹ́kù lẹ́yìn tí POP ti dì, yóò gbẹ, àyè rẹ̀ yóò sì di ihò tíntìntín. Bí omi bá ti pọ̀ tó ni ihò ṣe ń pọ̀ tó. Mọ́ọ̀dù tó ní ihò púpọ̀ á máa fa omi inú amọ̀ rẹ bí ilẹ̀ oṣù kejì, àmọ́ kò ní le púpọ̀. Èyí tí kò ní ihò á le bí àpáta, àmọ́ omi amọ̀ rẹ á kàn jókòó sínú rẹ̀ títí ilẹ̀ á fi mọ́.

Nítorí náà beta ni tìrẹ, POP lásán. Alpha ni èmi ń lò fún ère tí mo bá fẹ́ kí ìka ọwọ́ rẹ̀ má kán.

Oníṣẹ́Eyín

Ẹ ṣeun, Baba. Iṣẹ́ eyín ni mò ń ṣe, torí náà ẹ jẹ́ kí n gba arábìnrin wa sílẹ̀ lọ́wọ́ ìmọ̀ràn yẹn. Ẹ má lọ ra stone, ìyẹn POP líle tí àwa oníṣẹ́ eyín ń lò, fún omi amọ̀. Owó rẹ̀ pọ̀, alpha sì ni. Àwọ̀ ìyẹ́lò tàbí ewé tí ẹ rí lára rẹ̀, aró lásán ni, òun kọ́ ló mú un le.

Ẹ wo bí ìwọ̀n omi ṣe rí. Tí POP bá jẹ́ 100 gíráàmù, omi tó nílò gan-an láti fi padà di òkúta kò ju 18.6 lọ. Ìyókù tí à ń dà sí i, kó lè ṣàn ni. Nínú iṣẹ́ tiwa, POP funfun ń gba nǹkan bí 50, stone ń gba 30, die stone tí a fi ń ṣe eyín àtọwọ́dá ń gba 22 sí 24. Ti mọ́ọ̀dù omi amọ̀, 70 ni àwọn amọ̀kòkò ń lò. Àwọn alpha ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà náà rí bẹ́ẹ̀: Ultracal 30 ń gba 38, Hydro-Stone ń gba 32. Ẹ̀yìn àpò ni wọ́n máa ń kọ ọ́ sí. Tí òǹtàjà bá ní òun ní alpha, tí ẹ kò rí ìwọ̀n omi lára àpò, tí POP náà sì ń mu omi 70 kó tó ṣàn, ẹ mọ̀ pé wọ́n fẹ́ fi adìyẹ ta yín ní owó ẹyẹ ológe ni.

Ìwọ̀n ni mo sọ o, kì í ṣe ife. Ẹ ra òṣùwọ̀n kékeré tí àwọn tó ń ṣe kéèkì ń lò. Mílílítà omi kan jẹ́ gíráàmù kan, ìyẹn rọrùn. Lítà omi kan pẹ̀lú kílò POP 1.43 yóò fún yín ní nǹkan bíi lítà kan ààbọ̀. Ẹ wọn gígùn, ìbú àti gíga àpótí tí ẹ fẹ́ dà á sí ní sẹ̀ǹtímítà, ẹ sọ wọ́n di púpọ̀ mọ́ ara wọn, ẹ pín in sí 1,000, lítà tí ẹ nílò nìyẹn. Ẹ yọ ti kọ́ọ̀pù tó wà láàárín kúrò.

OníPOP_Ọ̀jọ̀ọ́

Èmi náà ń ṣe sílíìnì láti ọdún 2009. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí rírà. POP sílíìnì kì í ṣe ìkà, beta ni èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀, ó sì ṣeé fi ṣe mọ́ọ̀dù. Ìṣòro ni pé àwọn kan ti po nǹkan mọ́ ọn kó má baà tètè dì lórí pákó wa. Ìṣòro kejì ni ọjọ́ orí rẹ̀. POP máa ń mu ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́. Nínú oṣù kẹfà àti ìkeje, tí òjò Ìbàdàn ń rọ̀ lójoojúmọ́, àpò tó ti wà lórí sìmẹ́ǹtì ilẹ̀ ìsọ̀ láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ti bàjẹ́ láti ìsàlẹ̀ wá kí ẹ tó gbé e.

Ohun tí mo máa ń ṣe: mo máa ń tẹ igun àpò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Tí ó bá le bí ìgbà tí iyọ̀ dì nínú agolo, mi ò ní rà á. Lẹ́yìn náà mo máa bẹ ẹ́ kí ó fún mi ní ẹ̀kúnwọ́ kan, mo máa fi omi pò ó nínú ìdérí kan, mo máa wo aago. Èyí tó dáa á ti dì tí ẹ bá fi máa lo ogún sí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, á sì gbóná. Èyí tí kò gbóná rárá, ẹ dá a padà. Òǹtàjà tí kò bá jẹ́ kí ẹ dán an wò, ẹ kọjá sí ìsọ̀ kejì.

Tí ẹ bá gbé e délé, ẹ má gbé e sílẹ̀. Orí pákó ni, inú ike tó ní ìdérí tàbí ọ̀rá méjì. Mi ò lè ka iye àpò tí mo ti gbé jù sórí ààtàn kí n tó gbà.

Bísọ́n_Challenge

Ẹ fi sìmẹ́ǹtì díẹ̀ sí i, á le. Bí èmi ṣe ń ṣe é nìyẹn. Tí ẹ bá sì fẹ́ kó tètè dì, ẹ fi iyọ̀ sí omi.

Baba_Ère

Bísọ́n, ẹ má bínú sí mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ́ ọmọ yìí ní ti sìmẹ́ǹtì. Ó máa le lọ́jọ́ kìíní lóòótọ́. Gypsum wà nínú sìmẹ́ǹtì fúnra rẹ̀, díẹ̀ ni, bíi 3 sí 5 nínú ọgọ́rùn-ún, iye tó lè gbà mọ́ra nìyẹn. Tí a bá wá da POP rẹpẹtẹ lé e, tí omi sì wà níbẹ̀, àwọn méjèèjì yóò máa bá ara wọn jà nínú nínú, wọ́n á bí nǹkan tuntun tó ń wú, yóò sì máa fi agbára ya ohun tó yí i ká. Mo ṣe òpó àgbàlá kan fún ẹnì kan báyẹn. Kí òjò tó tún dé, ó ti sán láti òkè délẹ̀. Ọwọ́ mi ni mo fi tún un ṣe, lọ́fẹ̀ẹ́.

Iyọ̀ ń jẹ́ kó tètè dì ní tòótọ́. Àmọ́ iyọ̀ ò lọ síbìkan, á máa hù jáde lójú mọ́ọ̀dù, á sì bá amọ̀ rẹ lọ. Tí o bá ní dandan kó tètè dì, omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ tó.

Olùkọ́_Iṣẹ́Ọnà

Mo ti fẹ̀yìn tì, ọgbọ̀n ọdún ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama ní iṣẹ́ ọnà. Baba ti sọ ti yíyàn, mo fẹ́ dúró lórí pípò, torí ibẹ̀ ni mo ti rí ẹkún ọmọ jù.

Amọ̀Agbowó, ẹ ní ẹ̀ ń da omi sínú POP. Ọmọ Ìbàdàn ni wá. Ta ló ń da omi gbígbóná lé èlùbọ́ nínú ìkòkò? Omi ló ń wà nílẹ̀, èlùbọ́ ló ń wọlé bá a. POP náà nìyẹn. Ẹ wọn omi sínú ike tó mọ́, ike rírọ̀ tí ẹ lè fún lẹ́yìn kí àjẹkù rẹ̀ fọ́ kúrò. Ẹ wọn POP lọ́tọ̀. Ẹ wá fi ọwọ́ tàbí ajọ̀ máa jọ̀ ọ́ sójú omi, yíká yíká, kó má dúró lójú kan. Á máa rì. Ẹ má kán an lójú. Nígbà tó bá fẹ́ tán, á bẹ̀rẹ̀ sí í yọrí lójú omi bí erékùṣù, ojú rẹ̀ á funfun, á sì gbẹ fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, lẹ́yìn náà ẹ ó rí i tí omi ń gun ara rẹ̀ bọ̀ láti ìsàlẹ̀ tí àwọ̀ rẹ̀ á sì ṣókùnkùn. Ẹ fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú méjì. Ẹ má fọwọ́ kàn án. Omi ni ó ń wọ inú hóró kọ̀ọ̀kan láyè ara rẹ̀. Ẹni tó bá rò ó kó tó mu omi tán ni àmàlà rẹ̀ ń ní kókó.

Nígbà náà ni kí ẹ ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, ọwọ́ tó wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, títí dé ìsàlẹ̀. Ẹ má gbé ọwọ́ yọ lójú omi, torí afẹ́fẹ́ ni ẹ̀ ń gbé wọlé. Ẹ máa mi ìka yín nísàlẹ̀ bí ẹja tó ń ju ìrù, ẹ máa fọ́ kókó tí ẹ bá bá pàdé. Ìṣẹ́jú méjì sí mẹ́ta ni. Ẹ gbọn ike náà nílẹ̀ kó-kó-kó, ihò afẹ́fẹ́ á máa gòkè wá bẹ́. Tí ẹ bá fi ìka fa ìlà lójú rẹ̀ tí ìlà náà dúró díẹ̀ kó tó parẹ́, àsìkò dídà ti tó. Igun kan ṣoṣo ni kí ẹ ti máa dà á, ẹ jẹ́ kó fúnra rẹ̀ ṣàn gun ara kọ́ọ̀pù náà. Ẹ má dà á lé e lórí.

Ẹ ṣọ́ra fún omi táńkì dúdú lọ́sàn-án. Mo ti rí ọmọ tí POP dì mọ́ ọwọ́ rẹ̀ nínú ike, tó rò pé àjẹ́ ni. Oòrùn ló ti yá omi gbóná. Omi kànga ni kí ẹ lò, tàbí kí ẹ pọn ti alẹ́ sílẹ̀. Ẹ sì fọ ike yín mọ́ tónítóní, torí èérún èyí tó ti dì lánàá yóò mú kí tòní sáré dì.

Kókó tó kù ni fífẹ̀: kí mọ́ọ̀dù yí kọ́ọ̀pù ká ní nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta sí mẹ́rin, kó dọ́gba yíká. Ibi tó bá tẹ́ẹ́rẹ́ á tètè kún fún omi, kọ́ọ̀pù yín á fẹ́lẹ́ lápá ibẹ̀.

Àbẹ́là_Mọ́kọ́lá

Ẹ káàsán o. Mo fẹ́ dáhùn ti òróró ẹ̀pà. Òróró yẹn ló jẹ́ kó lẹ̀! Ó wọ inú mọ́ọ̀dù, ó dí ihò tó yẹ kó mu omi. Ọṣẹ ni kí ẹ lò. Ọṣẹ dúdú tí a fi eérú àti àdín ṣe, tó mọ́, tí kò ní ewé tàbí iyanrìn nínú. Ẹ pò ó mọ́ omi gbígbóná kó ki bí obẹ̀ ilá tí kò gbó, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ pa á sára kọ́ọ̀pù, ẹ fi kànìnkànìn tó tutù nù ún, ẹ tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹta. Tí ẹ bá ń da POP lé POP, fún apá kejì mọ́ọ̀dù, ọṣẹ yẹn ṣe pàtàkì gan-an, torí ọṣẹ àti POP a máa para pọ̀ di awọ tí omi kò lè tú, awọ yẹn ni kì í jẹ́ kí wọ́n lẹ̀. Ojú ibi tí apá méjèèjì ti pàdé nìkan ni kí ẹ pa á sí o. Inú ibi tí amọ̀ yóò dé, ẹ má fọwọ́ kàn án.

Èmi mọ́ọ̀dù silicone, tó rọ̀ bí rọ́bà, ni mò ń lò fún ọ̀pá àbẹ́là tí mo ń fi POP ṣe, òun ò fẹ́ ọṣẹ. Ṣùgbọ́n ihò afẹ́fẹ́ ń dà mí láàmú títí mo fi bẹ̀rẹ̀ sí í fi búrọ́ọ̀ṣì pa POP àkọ́kọ́ sójú rẹ̀ tínrín kí n tó da ìyókù.

Oníṣẹ́Eyín

Mo gbàgbé ọ̀rọ̀ sítóòfù. POP tó ti dì, omi tó so mọ́ ọn lè tún sá lọ tí ooru bá pọ̀. Ẹ má jẹ́ kó kọjá 50°C. Ẹ ti tún yan ojú mọ́ọ̀dù yín ni, ìdí nìyẹn tó fi di ìyẹ̀fun. Ibòji tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí, tàbí iwájú fáànù, ló dáa. Ẹ gbé e lé orí igi méjì kí ìdí rẹ̀ náà lè mí. Lásìkò ọyẹ́, díẹ̀díẹ̀ ni.

Báwo ni ẹ ó ṣe mọ̀ pé ó gbẹ? Ẹ gbé e sórí òṣùwọ̀n lójoojúmọ́. Kílò POP kan pẹ̀lú omi 700, ìyẹn 1,700 gíráàmù. Ohun tó máa kù tí ó bá gbẹ tán kò ní jìnnà sí 1,186, torí 186 péré ni POP fúnra rẹ̀ gbà mọ́ra. Ẹ fi 0.7 sọ ìwọ̀n ọjọ́ kìíní di púpọ̀, ẹ ó mọ ibi tí ẹ̀ ń lọ. Ọjọ́ tí ìwọ̀n náà kò bá sọ̀ mọ́ ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í da amọ̀.

Ọ̀rọ̀ kan tí mi ò lè má sọ. Ẹ má ki ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ ènìyàn sínú POP tó fẹ́ dì láti fi gba àwòrán rẹ̀. Ní England, lọ́dún 2007, ọmọbìnrin ọlọ́dún 16 kan ki ọwọ́ méjèèjì sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì POP ní ilé ẹ̀kọ́, ó gbóná, ó dì, kò lè yọ ọ́ mọ́. Ó pàdánù ìka ọwọ́ rẹ̀ tó pọ̀ jù. Bí POP bá ti pọ̀ tó níbì kan ni ooru rẹ̀ ṣe ń pọ̀ tó. Ẹ di imú yín nígbà tí ẹ bá ń jọ̀ ọ́, kí ẹ sì má da àjẹkù sínú síǹkì. Ẹ jẹ́ kó dì nínú ike, ẹ fọ́ ọ jù sínú ìdọ̀tí.

Amọ̀Agbowó

Mo kúnlẹ̀ kí i yín o, Baba, ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ̀yin gbogbo. Ọjọ́ mọ́kànlá rèé. Mo ra POP mìíràn, mo tẹ igun àpò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin níwájú òǹtàjà, ó ń wò mí. Mo pọn omi lálẹ́. Kílò kan, 700. Mo jọ̀ ọ́, mo rí erékùṣù yẹn, mo sì rí omi tó ń gùn ún bọ̀ láti ìsàlẹ̀, ọwọ́ mi ń gbọ̀n bí mo ṣe ń dúró de ìṣẹ́jú méjì. Kò ní kókó kankan.

Díẹ̀ ṣẹ́kù sínú ike, mọ́ọ̀dù náà wọn 1,640 lọ́jọ́ kìíní. Ìjẹta 1,155, àná 1,150, lónìí náà 1,150, kò sọ̀ mọ́. Mo da amọ̀ sí i láàárọ̀ yìí. Láàárín ogún ìṣẹ́jú amọ̀ ti dì mọ́ ara mọ́ọ̀dù náà yíká, mo da ìyókù padà sínú ike, nígbà tó yá kọ́ọ̀pù náà fúnra rẹ̀ yẹ̀ kúrò lára mọ́ọ̀dù, mo gbọ́ ọ. Mo yí i dé, ó bọ́ sí mi lọ́wọ́.

Ìbéèrè kan ló kù. Etí tí a fi ń gbá kọ́ọ̀pù mú, ṣé kí n ṣe mọ́ọ̀dù tirẹ̀ lọ́tọ̀, àbí kí n máa fi ọwọ́ mọ ọ́n?

Olùkọ́_Iṣẹ́Ọnà

Ẹ máa fi ọwọ́ mọ ọ́n fún ogójì àkọ́kọ́ yìí. Ẹ lẹ̀ ẹ́ nígbà tí kọ́ọ̀pù bá le bí awọ bàtà, kí méjèèjì tutù bákan náà, ẹ ha ojú ibi tí wọn ó ti pàdé, ẹ fi omi amọ̀ yẹn kan náà lẹ̀ ẹ́. Ẹ fi ọ̀rá bò wọ́n di ọjọ́ kejì.